Ọdẹ nínú Èdè Òfin: Àyẹ̀wò Àwọn Ọ̀rọ̀ tí a fi ń jà fún Ilẹ̀ ní Kóòtù

Bí ènìyàn bá dárúkọ ọdẹ ní Ẹ̀gbẹ́dá lónìí, ẹni tí yóò kọ́kọ́ wá sí ọkàn àwọn ará àdúgbò ni ọkùnrin tí ń jókòó lẹ́nu géètì lóru pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti fèrè, tí a ń dá owó fún lóṣooṣù kí olè má baà wọlé. Ọdẹ ni a ń pè é, ṣùgbọ́n kò pa ẹran rí. Láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ìdímù, láti Ìkòtún dé Ìgándò, ilé ni ó kún ibi gbogbo. Ètò ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 1,277,714 sí ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ nìkan. Igbó ti lọ, ẹran ti bá a lọ. Ọ̀rọ̀ nìkan ni ó kù lẹ́yìn wọn, òun náà sì ti wọ aṣọ mìíràn.

Síbẹ̀, ibì kan wà tí ọdẹ àtijọ́ kò tíì kú. Kóòtù ni. Nígbà tí ẹbí méjì bá ń jà lórí ilẹ̀ ní agbègbè Àwórì yìí, tàbí níbòmíràn ní ilẹ̀ Yorùbá, tí a sì bi wọ́n bí ilẹ̀ náà ṣe di tiwọn, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìdáhùn máa ń bẹ̀rẹ̀ báyìí pé: ọdẹ ni baba ńlá wa. Ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ àwọn Àwórì fúnra rẹ̀ gba ọ̀nà yìí kọjá. Wọ́n ní Ọlọ́fin Ògúnfúnminíre gbé àwo lé orí omi, ó ń tẹ̀ lé e títí tí àwo fi rì ní Ìṣẹ́rì, ibẹ̀ ni ó sì dó sí. Láti inú ‘àwo ti rì’ ni wọ́n ní orúkọ Àwórì ti jáde. Ọdẹ ni ìtàn pe Ọlọ́fin yìí, orúkọ rẹ̀ sì ń jẹ́rìí sí i, nítorí ta ni yóò sọ pé Ògún ni ó fún òun ní ire bí kò ṣe ẹni tí ń fi irin wá oúnjẹ?

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀. Èdè òfin tí a ń lò lórí ilẹ̀ nílò ọdẹ lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí ó wọlé. Ó ń gba ìtàn rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìpìlẹ̀ ẹ̀tọ́, kò sì ka ọdẹ ṣíṣe fúnra rẹ̀ sí ẹ̀tọ́. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ yìí, kì í ṣe ìbọn. Nítorí náà, ó yẹ kí àwa tí a ń kọ́ èdè yẹ àwọn ọ̀rọ̀ náà wò.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀-ìṣe kékeré kan, ‘dó’. Kí a gbà pé àgbà kan dúró nínú àpótí ẹlẹ́rìí, ó sì sọ fún adájọ́ pé, “Olúwa mi, ọdẹ ni baba wa. Nígbà tí ó dé etí odò yẹn, ó dó.” Ní èdè wa, ọmọ ogun a máa dó, ọdẹ tí ó sùn sí ìdí ìrókò fún òru mẹ́ta dó, ẹni tí ó tẹ ìlú dó náà dó. Ìdí nìyí tí orúkọ Ìdó fi pọ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, nítorí pé lójú àwọn baba wa, ohun kan náà tí ń dàgbà ni: àgọ́ ọdẹ di ahéré, ahéré di abà, abà di ìlú. Ṣùgbọ́n ògbufọ̀ tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbà yìí gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì. Bí ó bá sọ pé ‘camped’, bàbá náà di alejò tí ó kọjá lọ. Bí ó bá sọ pé ‘settled’, ó di onílẹ̀. Ẹnu ògbufọ̀ ni ilẹ̀ náà wà ní ìṣẹ́jú yẹn, kì í ṣe ẹnu ẹlẹ́rìí, bẹ́ẹ̀ ni adájọ́ tí ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lè má mọ̀ pé a ti yan nǹkan kan fún òun.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ‘ẹgàn’. Nínú ìwé ẹjọ́ ilẹ̀, ohun tí a ń kọ fún un ni ‘virgin forest’, igbó wúńdíá. Ẹni tí ó bá lè fi hàn pé baba òun ni ó kọ́kọ́ ṣán igbó wúńdíá ni ọ̀nà rẹ̀ là. Ṣùgbọ́n ẹgàn kì í ṣe wúńdíá. Igbó tí a kò tíì dá oko sí ni ẹgàn. Kò túmọ̀ sí igbó tí ẹsẹ̀ ènìyàn kò tíì tẹ̀. Ọdẹ ti wọ inú rẹ̀ tipẹ́. Ó ti mọ ibi tí ẹfọ̀n ń fi mumi, ó ti mọ ilẹ̀ tí ẹran ń lá fún iyọ̀, ó ti kan ègùn sórí igi, ó sì ti sọ odò àti àpáta lórúkọ kí àgbẹ̀ tó gbé ọkọ́ débẹ̀. Nígbà tí a bá pe irú igbó bẹ́ẹ̀ ní wúńdíá, gbogbo ọdẹ tí ó ti rìn ín di ẹni tí kò sí. Ọkọ́ àkọ́kọ́ di ènìyàn àkọ́kọ́. Àwọn ẹbí àti agbẹjọ́rò wọn sì ti mọ èyí: ẹ wo bí ọdẹ inú ìwé ìpẹ̀jọ́ ṣe ń yára gbé ìbọn sílẹ̀ tí ó sì ń gbé ọkọ́ ní gbólóhùn kejì. Kò sí ẹni tí ó parọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n a ti gé ìtàn kan kí ó lè bá ẹnu òfin mu.

Òfin fúnra rẹ̀ kò fi ohun tí ó ń fẹ́ pamọ́. Nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba, tí ó dá lórí ilẹ̀ kan ní Òkéré ní Warri, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ka ọ̀nà márùn-ún ní ọdún 1976 tí ènìyàn lè gbà fi ìdí ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ múlẹ̀: ìtàn àtẹnudẹ́nu, ìwé, ìwà onílẹ̀ lórí ilẹ̀ náà, dídi ilẹ̀ mú fún ìgbà pípẹ́, àti níní ilẹ̀ tí ó bá a pààlà. Ọdẹ ń rí àyè nínú ti àkọ́kọ́ nìkan. Ìtàn yìí náà kò sì dúró dáadáa, nítorí pé láti ìgbà ẹjọ́ Kojo àti Bonsie tí ó ti ilẹ̀ Ashanti dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1957, bí ìtàn méjì bá takora, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí ni adájọ́ yóò fi wọ̀n wọ́n. Ta ni ó kọ́lé síbẹ̀? Ta ni ó gba ìṣákọ́lẹ̀? Ta ni ó gbin kòkó? Ìwà onílẹ̀ tí ilé-ẹjọ́ ń wá, gẹ́gẹ́ bí a ti là á sílẹ̀ nínú ẹjọ́ Ekpo àti Ita ní 1932, gbọ́dọ̀ pọ̀, kí ó hàn gbangba, kí ó sì fi hàn pé ẹni náà nìkan ni ó ni ín.

Ẹni náà nìkan: ọ̀rọ̀ yìí ni ó pa ọdẹ. Oko ní ààlà, a lè gbin pèrègún sí i, awọnlẹ̀ lè yà á sórí ìwé, ilé-ẹjọ́ sì ti ń béèrè láti ìgbà ẹjọ́ Baruwa àti Ogunshola ní 1938 pé kí olùpẹ̀jọ́ fi ibi tí ilẹ̀ rẹ̀ dé hàn kedere. Ṣùgbọ́n ìgbẹ́ ọdẹ kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo. Àgbọ̀nrín tí a ta níbọn ní ìhà ìhín lè ṣubú ní ìhà ọ̀hún, ọdẹ yóò sì tẹ̀ lé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láìbèèrè ẹni tí ó ni oko tí ó là kọjá. Òun náà yóò gé itan ẹran ránṣẹ́ sí olórí ilẹ̀; bí ó bá jẹ́ ẹkùn ni ó pa, ààfin ni yóò gbé e lọ. Nínú èdè wa, ọ̀wọ̀ àti ìmọ̀ọ́ṣe ni èyí. Nínú èdè kóòtù, ẹni tí ó bá ń fún ẹlòmíràn ní nǹkan lórí ilẹ̀ ti gbà pé ẹlòmíràn ni onílẹ̀. Itan ẹran kan lè di ìwé ẹ̀rí tí a fi lé àrọ́mọdọ́mọ ọdẹ jáde.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò sọ pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò ṣe àìdáa sí wa nínú ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, yóò sì tọ́ka sí ẹjọ́ Amodu Tijani. Ẹjọ́ náà yẹ fún àyẹ̀wò pẹ̀lú sùúrù. Amodu Tijani ni Olóyè Olúwa ti Èkó, ọ̀kan nínú àwọn Ìdéjọ onífìlà funfun tí ìtàn so mọ́ Ọlọ́fin. Ìjọba lo òfin ọdún 1903 láti gba ilẹ̀ rẹ̀ ní Àpápá, wọ́n sì ní kì í ṣe onílẹ̀, pé ẹ̀tọ́ olórí tí ń gba ìṣákọ́lẹ̀ nìkan ni ó ní, nítorí náà kí owó gbà-má-bínú rẹ̀ kéré. Ilé-ẹjọ́ ní Èkó gbà bẹ́ẹ̀. Olóyè náà kò gbà. Òun àti Herbert Macaulay wọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1920, ní oṣù keje ọdún 1921 sì ni Viscount Haldane ka ìdájọ́ Privy Council tí ó dá a láre: gbogbo ilẹ̀ náà ni kí a san owó rẹ̀, nítorí pé ti àwùjọ náà ni, ìfilé tí a fi Èkó lé Ọbabìnrin lọ́wọ́ ní 1861 kò sì pa ẹ̀tọ́ yìí rẹ́.

Nínú ìdájọ́ yìí, Haldane kìlọ̀ pé kí a má ṣe máa fi ọ̀rọ̀ òfin Gẹ̀ẹ́sì túmọ̀ ẹ̀tọ́ ilẹ̀ àwọn ènìyàn tí kò mọ òfin Gẹ̀ẹ́sì. Ìkìlọ̀ rere ni, ó sì tọ́ kí a kọ ọ́ sára ògiri gbogbo iyàrá ògbufọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kìlọ̀ yìí nílò ọ̀rọ̀ kan láti fi pe ohun tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí ní, ohun tí ó sì mú ni ‘usufructuary’. Látìnì ni ìdí rẹ̀: ìlò àti èso. Ẹni tí ó ní irú ẹ̀tọ́ yìí lè lo ilẹ̀, ó sì lè jẹ èso rẹ̀, ṣùgbọ́n ìdí ilẹ̀ gan-an wà lọ́wọ́ ọba aláṣẹ. Àgbẹ̀ lè gbé inú ọ̀rọ̀ yìí láìní ìṣòro. Ó ní iṣu, ó ní àgbàdo, ó ní kòkó. Kí ni èso ilẹ̀ fún ọdẹ? Etu kì í so lórí igi. Òfin Róòmù àti ti Gẹ̀ẹ́sì pa pọ̀ gbà pé ẹran ìgbẹ́ kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni títí a ó fi mú un. Ohun tí ọdẹ ń jẹ lórí ilẹ̀ kì í ṣe ti ilẹ̀ lójú òfin, nítorí náà jíjẹ ẹ́ kò so ọdẹ mọ́ ilẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá ni ó yà mí lẹ́nu jù. Kánádà ni. Ní 1763, Ọba George Kẹta kéde pé àwọn ilẹ̀ kan ní Àríwá Amẹ́ríkà jẹ́ ìgbẹ́ ọdẹ fún àwọn ènìyàn ìbílẹ̀ ibẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe yọ wọ́n lẹ́nu. Ọdẹ ni a fi dárúkọ ilẹ̀ náà. Nígbà tí ó di 1888, nínú ẹjọ́ St Catherine’s Milling, Privy Council kan náà sọ pé ohun tí ìkéde yẹn fún wọn kò ju ẹ̀tọ́ ìlò àti èso lọ, ẹ̀tọ́ tí ó sinmi lé inú rere ọba. Haldane tọ́ka sí ẹjọ́ yìí ní 1921. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí a fi gé ìgbẹ́ ọdẹ àwọn ará Kánádà kúrú ṣe wọkọ̀ ojú omi wá bá wa ní Àpápá.

Kò dúró níbẹ̀. Ní 1973, Adájọ́ Hall ti Kánádà fa ẹjọ́ Olóyè Olúwa yọ láti fi gbèjà àwọn Nisga’a nínú ẹjọ́ Calder, ní 1992 àwọn adájọ́ Ọsirélíà sì tún lò ó nínú ẹjọ́ Mabo. Àwọn ọmọ ilé-ìwé wa tí wọ́n rò pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Èkó kì í kọjá Èkó, kí wọ́n ka èyí. Ṣùgbọ́n ibi tí àwọn ará Kánádà bá a dé ni mo fẹ́ kí a wò. Ní 1997, nínú ẹjọ́ Delgamuukw, ilé-ẹjọ́ wọn gíga jùlọ sọ pé rírìn ilẹ̀ kan déédéé fún ọdẹ àti ẹja pípa lè tó láti fi hàn pé àwọn ènìyàn kan di ilẹ̀ náà mú. Ní 2012, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ìpínlẹ̀ British Columbia sọ fún àwọn Tsilhqot’in pé ibi kéékèèké tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ gidi nìkan ni wọ́n lè gbà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2014, ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ yí i padà, ó sì fún wọn ní ilẹ̀ tí ó ju kìlómítà 1,700 níbùú lóròó lọ. Ohun tí wọ́n ṣe kì í ṣe idán. Wọ́n bèèrè ohun tí dídi ilẹ̀ mú túmọ̀ sí lójú ẹni tí ń ṣọdẹ, dípò kí wọ́n bèèrè bóyá ọdẹ jọ àgbẹ̀.

Nítòsí wa, òfin kan wà tí ó dárúkọ ọdẹ. Lẹ́yìn tí Ẹgbẹ́ Agbèjà Ẹ̀tọ́ Àwọn Ọmọ Ìbílẹ̀ ní Gold Coast, tí ó di Gánà, ti rán aṣojú lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1898 láti tako òfin ilẹ̀ tí ìjọba fẹ́ ṣe, òfin ọdún 1900 tí ó rọ́pò rẹ̀ sọ pé adájọ́ kò gbọdọ̀ fọwọ́ sí ilẹ̀ tí a fún oníwakùsà tàbí onígẹdú àyàfi bí a bá dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn ará ibẹ̀ láti dáko, láti ṣẹ́gi, láti ṣọdẹ àti láti dẹ tákùté. Ó dára púpọ̀. Síbẹ̀, ẹ wo ipò tí gbólóhùn náà wà: ilẹ̀ ti di ti òyìnbó kí a tó rántí ọdẹ, ìrántí náà kò sì ju pé kí a má ṣe lé e jáde pátápátá.

Tiwa kò tilẹ̀ rántí. Ẹ mú Òfin Ìlò Ilẹ̀ tí ìjọba ológun ṣe ní oṣù kẹta ọdún 1978. Abala kẹfà sọ pé ìjọba ìbílẹ̀ lè fún ènìyàn ní ilẹ̀ fún oko, fún ilé àti fún àwọn nǹkan mìíràn. Ó fi òdiwọ̀n hẹ́kítà 500 sí ilẹ̀ oko, ó fi 5,000 sí ilẹ̀ ìjẹko ẹran. Màlúù ní òdiwọ̀n tirẹ̀ nínú òfin ilẹ̀ wa. Ọdẹ ní láti wá àyè fún ara rẹ̀ lábẹ́ ‘àwọn nǹkan mìíràn’. Abala 36 dáàbò bo ẹni tí ń fi ilẹ̀ ìgbèríko dáko nígbà tí òfin bẹ̀rẹ̀. Abala 29, tí ó sọ nípa owó gbà-má-bínú, ka ilé, ó ka irè oko, ó ka ohun tí a fi owó tàbí iṣẹ́ ọwọ́ so mọ́ ilẹ̀. Ègùn ọdẹ kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìmọ̀ ọ̀nà ẹran kì í ṣe ohun tí a so mọ́ ilẹ̀.

Abala 34 ni ó kan irú agbègbè Ẹ̀gbẹ́dá jùlọ. Ilẹ̀ inú ìlú ńlá tí kò ní ọ̀nà, omi, iná, ilé tàbí irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ ni òfin pè ní ilẹ̀ tí a kò tíì mú dàgbà. Ẹni tí ó ni irú rẹ̀ lè di ìdajì hẹ́kítà mú, ẹ̀tọ́ rẹ̀ lórí èyí tí ó kù sì parẹ́. Gbogbo ìgbẹ́ ọdẹ tí ó wà lẹ́yìn ilé ní ìlú tí ń gbòòrò bọ́ sábẹ́ orúkọ yìí. Igbó wúńdíá àti ilẹ̀ tí a kò tíì mú dàgbà, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n. Ọdún nìkan ni ó yàtọ̀. Èmi kò sọ pé òfin yìí nìkan ni ó kọ́ ilé kún Alímọ̀ṣọ́, nítorí ènìyàn kò bá ṣáà wá. Ohun tí mo sọ ni pé ó kọ́ àwọn onílẹ̀ pé kí wọ́n yára tà kí ìjọba tó pè é ní òfìfo.

Nípa igbó tí ìjọba yà sọ́tọ̀, díẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Àwọn ènìyàn wa pè é ní ‘igbó ọba’, wọ́n sì mọ ọba tí wọ́n ń wí. Láti ìgbà tí àwọn ìjọba Yúróòpù ti fọwọ́ sí àdéhùn lórí ẹran ìgbẹ́ Áfíríkà ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1900, dé òfin tiwa ti 1985 lórí àwọn ẹran tí ń run lọ, dé ọgbà ẹranko Ọ̀yọ́ Ilé tí ó di ti ìjọba àpapọ̀ ní 1991, ẹni tí ó bá wọ ibẹ̀ láti pa ẹran láìgbàṣẹ ni ‘poacher’. Ó tọ́ kí a dáàbò bo ẹran. Ọdẹ tí ó ní làákàyè ni yóò kọ́kọ́ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n a kò ní ọ̀rọ̀ kankan fún ‘poacher’ ju kí a pe ènìyàn ní olè, ọmọ ẹni tí baba rẹ̀ sọ odò ibẹ̀ lórúkọ kì yóò sì gbà pé olè ni òun. Níbi tí ọ̀rọ̀ kò bá ti sí, òfin kì í wọ etí.

Àtakò kan wà tí n kò lè fò. Wọn yóò ní nínú àṣà wa pàápàá, ọdẹ kì í ṣe onílẹ̀. Pé orí ilẹ̀ ẹlòmíràn ni ó ti ń ṣọdẹ, àṣà kan náà tí mo yìn lókè nípa ẹni tí ń tẹ̀ lé ẹ̀jẹ̀ ẹran. Òótọ́ ni. Èmi kò bèèrè pé kí a sọ ọdẹ di onílẹ̀. Ohun tí mo ń wí ni pé àwọn baba wa mọ nǹkan kẹta láàárín ẹni tí ó ni ilẹ̀ àti ẹni tí a kàn yọ̀ǹda fún. Ọdẹ kò lè ta ìgbẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò lè sọ fún un pé kí ó má wọ̀ ọ́ mọ́. Èdè òfin ní ‘ownership’, ó ní ‘licence’. Ìyọ̀ǹda ni èyí ẹ̀yìn, ẹni tí ó fún ni sì lè gbà á padà lọ́la. Ohun kẹta yìí kò ní orúkọ níbẹ̀, nítorí náà inú ìyọ̀ǹda ni wọ́n ń jù ú sí.

Àwa náà kò sì tíì fún un lórúkọ. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá méjèèjì, ti 1984 tí Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ àti ti 1990 tí Awóbùlúyì ṣe, dá lé gírámà, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni; a rí ọ̀rọ̀ fún fóníìmù, ilẹ̀ kò sí lára iṣẹ́ wọn. Àwọn ògbufọ̀ kóòtù ń dá túmọ̀ láti ẹnu ara wọn, ní àárọ̀ kan sí òmíràn. Àwọn ọdẹ tí wọ́n mọ bí a ti ń pe ìgbẹ́ tí ọ̀pọ̀ jọ ń dẹ, àti bí a ti ń pe ẹni tí ègùn rẹ̀ wà lórí igi tí kì í ṣe tirẹ̀, ṣì wà ní Òkè-Ògùn àti ní àyíká igbó Ọmọ̀, wọ́n sì ti darúgbó. Ọmọ ilé-ìwé tí ó bá ń wá iṣẹ́ àpilẹ̀kọ lè gba ọ̀dọ̀ wọn lọ ní ìsinmi tí ń bọ̀, kí ó mú ìwé ìkọ̀wé lọ́wọ́, kí ó sì bèèrè ohun tí ‘dó’ jẹ́ lẹ́nu wọn.